"Díẹ̀díẹ̀" Mélòó? Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrìn Ẹni Tí Rọpárọsẹ̀ Mú

"Ẹ ṣé o, wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń gbé ìyá tàbí bàbá wọn tí rọpárọsẹ̀ (stroke) mú wá sọ́dọ̀ mi fún fisiotẹ́rápì. Wọ́n á sọ ọ́ ní oṣù kìíní, wọ́n á tún un sọ ní oṣù kẹrin. Bí mo bá bi wọ́n pé, "Díẹ̀díẹ̀ mélòó?", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹni tí ẹ ń rí láràárọ̀, ẹ kì í mọ ìgbà tó rù tàbí ìgbà tó sanra, àfi kí àlejò dé kó wí. Ìrìn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ lè ti dúró sójú kan láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilé má fura. Ó sì lè ti yá sí i gan-an kí ẹni tó ni ín máa sunkún pé òun ò lọ síwájú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n gbé aago lé e. Téèpù àwọn bíríkìlà, ṣọ́ọ̀kì, fóònù, àga kan tó ní ìgbọ́wọ́lé, àti ìwé kíkọ ọmọ ilé-ìwé: ẹrù tí ẹ nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ bá kọ kò ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ fisió, ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì, mọ́. Òun gan-an ni fisió yóò fi mọ ibi tó yẹ kó gbájú mọ́.

Kí ẹ tó sọ pé ó yá, ẹ rìn

Ẹ bi dókítà léèrè ná bóyá ó ti tó àkókò láti rìn. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an kì í ṣe ìgbà tí a ń kánjú: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èèyàn 2,104 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tètè gbé dìde kí wákàtí 24 tó pé, tí wọ́n sì ń gbé dìde léraléra, kò gbádùn tó àwọn tí wọ́n rọra gbé. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n kan bá ń pariwo pé "ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn, kí ẹsẹ̀ má gan", ẹ fi sùúrù dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọn ìrìn, ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá. Bí nọ́ńbà òkè bá ju 180 lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ bá ju 100 lọ, tàbí tí ọkàn bá ń lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan bẹ́ẹ̀ wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pe dókítà. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù kan sẹ́yìn, kò sí nínú èyí tí à ń sọ yìí rárá.

Ohun méjì ni mo máa ń pariwo lé lórí. Àkọ́kọ́ ni bàtà. Sílípáàsì máa ń yọ́ kúrò ní ẹsẹ̀ tó rọ láìjẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀. Bàtà tó ní ìdè lẹ́yìn ni kí wọ́n wọ̀, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Èkejì ni apá. Ẹ má ṣe di apá tó rọ mú láti fi fa èèyàn dìde tàbí láti fi tì í rìn. Oríkèé èjìká tí kò ní agbára mọ́ máa ń yẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀já ìpọnmọ ni kí ẹ dè mọ́ wọn ní ìbàdí, lórí aṣọ, kó le dáadáa. Ibẹ̀ ni kí ọwọ́ yín wà. Ẹgbẹ́ tó rọ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ipele wo ni wọ́n wà?

Ẹni tí kò tíì lè dìde kò nílò kí ẹ fi aago wọn ìrìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe àṣìṣe yìí: wọ́n á máa ka ìṣísẹ̀ ẹni tí èèyàn méjì gbé lọ́wọ́. Kí ẹ tó mú téèpù, ẹ kọ ipele sílẹ̀. Ìwọ̀n kan tí àwọn fisió ti ń lò láti 1984 pín ìrìn sí mẹ́fà, láti 0 dé 5.

Ní 0, wọn ò lè rìn rárá, tàbí kó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé wọn. Ní 1, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì wọ́n mú gírígírí, kó sì bá wọn gbé ìwúwo ara, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 2, ọwọ́ ẹni yẹn kàn ń fara kàn wọ́n ni kí wọ́n má baà fì. Ní 3, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ní láti wà nítòsí, ó lè máa rán wọn létí pé "ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì". Ní 4, wọ́n ń dá rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àti ilẹ̀ gbágungbàgun ṣì ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ní 5, kò síbi tí wọn ò lè gbà. Ọ̀pá kì í fa ipele sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ọ̀pá dá lọ síbi gbogbo wà ní 5.

Láàárín 2 àti 3 ni ìfẹ́ ọmọ ti máa ń dá nǹkan dúró. Mo rí ìyá kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo ní kí ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo kan ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kó sì rọra yọ ìka náà láìsọ̀rọ̀. Màmá rìn lọ tó ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn àwọn. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó rọ, tí ọwọ́ mi wà nítòsí ọ̀já. Ẹ má ṣe dán irú rẹ̀ wò tí fisió ò bá sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ipele tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò, kì í ṣe ti èyí tó ti mọ́ yín lára láti máa ṣe.

Fún ẹni tó wà ní 0, ìjókòó ni kí ẹ wọn. Ẹ gbé wọn jókòó sí etí ibùsùn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n má fara ti nǹkan kan, kí ọwọ́ wọn má sì di nǹkan kan mú. Ṣé wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30? Àwọn olùwádìí ní Netherlands gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2011 lórí èyí. Ẹni tí kò lè rìn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí ẹsẹ̀ tó rọ náà sì ní agbára díẹ̀, kí wákàtí 72 tó pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò dá rìn tó bá fi máa pé oṣù mẹ́fà: ìdá 98 nínú 100 ni wọ́n pè é. Fisió ló máa wọn ti agbára ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè ka ìjókòó. Ẹni tí kò ṣe é ní ọjọ́ kẹta, ẹ má sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Kíkà náà kàn ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Mítà mẹ́wàá: ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù

Tí wọ́n bá ti dé ipele 3 tàbí 4, ẹ mú téèpù jáde. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ẹ máa lè ṣe, èyí ni kí ẹ ṣe.

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tó gùn tó mítà 14. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onípáséèjì dára tí wọ́n bá kó kẹ̀kẹ́ àti dúrọ́ọ̀mù omi kúrò. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú mọ́ṣáláṣí náà dára. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rin: ní 0, ní mítà 2, ní mítà 12, àti ní mítà 14. Àárín ìlà kejì àti ìkẹta ni mítà mẹ́wàá tí ẹ ń wọ̀n. Méjì tó wà níwájú ni kí ẹsẹ̀ fi mú ìrìn, méjì tó wà lẹ́yìn ni kí wọ́n má baà dẹwọ́ kí wọ́n tó dé ìlà. Ẹ gbé àga sí ìparí, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n á dúró ní 0. Ẹ sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ máa rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn lọ sí ilé ìdáná. Ẹ má sáré. Ẹ lọ títí dé ìdí àga yẹn." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu dákẹ́. Bí ìka ẹsẹ̀ tó ṣíwájú bá ti kọjá ìlà mítà 2, ẹ tẹ aago. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ti kọjá ìlà mítà 12, ẹ tún un tẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò gbọdọ̀ rìn níwájú, torí wọ́n á máa sá tẹ̀ lé e, ìrìn tirẹ̀ lẹ máa wá wọ̀n. Ó sàn kí èèyàn méjì ṣe é, kí ẹnì kan mú ọ̀já, kí ẹnì kejì mú aago. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sinmi, kí ẹ tún un ṣe, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ pín 10 sí iye ìṣẹ́jú àáyá náà; èsì rẹ̀ ni iye mítà tí wọ́n ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Níbi tí kò bá sí mítà 14, ẹ lo 10, kí ẹ fa ìlà sí 0, 2, 8 àti 10, kí ẹ ka àkókò mítà 6 tó wà láàárín, kí ẹ sì pín 6 sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá mú, ẹ dì í mú títí.

Ojú mi ti rí èyí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọn ìrìn bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà: ìṣẹ́jú àáyá 24. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ńṣì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí àyè fún mítà méjì ìbẹ̀rẹ̀, mo bá ní kí wọ́n ṣíra láti orí ìlà gan-an. Ó di 28. Mo sọ fún wọn pé ó dà bíi pé nǹkan rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ sílé, a ò rí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ bàbá kò rẹ̀wẹ̀sì. Èmi ni mo ka àkókò tí ara fi ń dìde kúrò lójú kan mọ́ ìrìn. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ohun gbogbo sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: déètì, àárọ̀ tàbí ọ̀sán, bàtà, ọ̀pá, ìrànlọ́wọ́, ibi tí a ti rìn ín. Àárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tí wọ́n sì ti lo oògùn, ni mo fẹ́ràn. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Kí ni nọ́ńbà náà ń sọ?

Ní 1995, Jacquelin Perry, dókítà eegun ní California, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ìyára ìrìn pín àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú sí ọ̀nà tí a ṣì ń lò dòní. Ẹni tí kò tó mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú ilé ni ìrìn rẹ̀ mọ. Láti 0.4 dé 0.8, ó lè jáde, ṣùgbọ́n ó níbi tó lè lọ mọ. Tó bá ju 0.8 lọ, ìlú ti gbà á.

Ẹ lè gbàgbé ìsirò náà kí ẹ di nǹkan méjì yìí mú: lórí mítà mẹ́wàá, 0.4 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 25, 0.8 sì jẹ́ 12 àti ààbọ̀. Ẹ wá ronú títì kan tó fẹ̀ tó mítà 7. Ẹni tó ń rìn ní 0.4 máa lo ìṣẹ́jú àáyá 17 àti ààbọ̀ láàárín rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti òkè. Ní 0.8, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 9.

Kí ni ìlọsíwájú tó tó ìlọsíwájú? Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2010 wo àwọn èèyàn ní ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì rí i pé tí ìyára bá fi 0.16 lé sí i, ó sábà máa ń hàn nínú ohun tí ẹni náà lè dá ṣe fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màmá rin mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá 31.2, ìyẹn jẹ́ 0.32. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó di 20.4, ìyẹn jẹ́ 0.49. Ó fi 0.17 lé, ó sì ti kọjá 0.4. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, ẹ sọ fún un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti 31.2 sí 29.8 ni, ẹ má tíì jó. Bí wọ́n ṣe sùn lóru lásán lè mú irú ìyẹn wá.

Dìde, rìn, yí, padà, jókòó

Èyí kúkúrú. Àwọn olùwádìí méjì kan, Podsiadlo àti Richardson, ló gbé e jáde ní Kánádà ní 1991. Àga onígbọ̀wọ́lé tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 46 láti ilẹ̀, àti ìlà kan ní mítà 3. Bí ẹ bá ti sọ pé "ó yá", aago bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á rìn dé ìlà, wọ́n á yí, wọ́n á padà wá jókòó. Bí ìdí bá ti kan àga, aago dúró. Tí kò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20, wọ́n sábà máa ń lè dá dìde, dá wọ ilé ìwẹ̀. Tó bá tó 30, ìrànlọ́wọ́ ṣì pọ̀. Láàárín ìwọ̀n méjì, ìyàtọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ má kà á sí.

Ibi tí ojú mi máa ń wà ni yíyí. Ẹ ka iye ìṣísẹ̀ tí wọ́n fi yí, kí ẹ sì wo ẹgbẹ́ tí wọ́n yí sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nílé, wọn kì í ṣubú níbi tó tọ́ gbọọrọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà

Mítà mẹ́wàá ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe yá. Kò sọ bóyá èémí máa gbé wọn dé ọjà. Nítorí náà la ṣe ń ṣe ti ìṣẹ́jú mẹ́fà, tí àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà to ìlànà rẹ̀ ní 2002. Wọ́n ní kí ọ̀nà gùn tó mítà 30. Ti yín lè jẹ́ 15, kò burú, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó ni wọ́n á ṣe máa yí tó, yíyí sì ń jẹ àkókò. Ẹ má ṣe fi mítà 15 tòní wé 30 ti oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n á máa lọ wọ́n á máa bọ̀, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Wọ́n lè dúró, wọ́n lè fara ti ògiri, ṣùgbọ́n aago ò dúró. Ẹ di kóró ẹ̀wà sọ́wọ́, kí ẹ máa ju ọ̀kan sínú abọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá padà dé. Ìka kíkà máa ń dàrú. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ẹ sọ ohun kan náà, ní ohùn kan náà: "Ẹ ń ṣe dáadáa, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún." Ẹ má ṣe máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, ìdùnnú yín lè fi mítà kún un, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ ẹ ò ní rí i mọ́. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí òógùn tútù bá bò wọ́n, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá fi ti ìṣẹ́jú mẹ́fà wé ti mítà mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 360. Ẹni tó ń rìn ní 0.6, tí kò bá rẹ̀ ẹ́, yẹ kó rin mítà 216. Tó bá jẹ́ 200 ló rìn, ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Tó bá jẹ́ 120, ẹsẹ̀ ti ṣáájú èémí. Ìrìn gígùn díẹ̀ lójoojúmọ́ ló kù, kì í ṣe pé ká máa na orúnkún lórí ibùsùn. Ìṣirò kékeré yìí ti ràn mí lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Ohun tí aago ò rí

Ìyára lè pọ̀ sí i kí ìrìn máa bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi fóònù ká fídíò láti ẹ̀gbẹ́, kámẹ́rà ní ìwọ̀n ìbàdí, kí gbogbo ara hàn. Ẹ wò ó bóyá ìka ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, bóyá wọ́n ń ju ẹsẹ̀ yí po bí ẹni ń ro oko kó tó balẹ̀, bóyá orúnkún ń ta sẹ́yìn. Etí bàtà tó jẹ lápá kan máa ń sọ ohun tí fídíò ò sọ. Ẹ tún máa kọ gbogbo ìṣubú sílẹ̀, àti èyí tó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀, kì í sábà ká ìrìn pẹ̀lẹ́ pé.

Ìkíni náà wà níbẹ̀. Mo ń wọn ìrìn ìyá kan ní àdúgbò wọn, aládùúgbò kan yọjú láti ojú fèrèsé: "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o!" Màmá dúró gbọin, wọ́n yíjú sí i, wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n tún ṣàdúrà. Ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́. A tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọpọlọ tí kò lè gbé ẹsẹ̀ kó sì dáhùn ìkíni lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì ṣe tán fún ọjà. Ní báyìí, lẹ́yìn ìwọ̀n mẹ́ta tó dákẹ́, mo máa ń ṣe ìkẹrin, màá sì bi wọ́n ní orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó bá fi lé sí i, mo máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìgbà wo àti ìgbà mélòó

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́. Ilé tó ń wọ̀n lójoojúmọ́ máa ń sọ ìrìn di ìdánwò, èèyàn á sì kórìíra rẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá dúró ńkọ́? Ìwádìí kan ní Copenhagen, tó jáde ní 1995, tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 800. Ìdá 95 nínú 100 ló ti dé ibi tí ìrìn wọn máa dára dé láàárín ọ̀sẹ̀ 11. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú èèyàn 408 fi àwọn kan sí orí ẹ̀rọ ìrìn tí okùn ń gbé wọn ró látòkè, àwọn kan ní oṣù kejì, àwọn kan ní oṣù kẹfà, wọ́n sì rán fisió lọ bá àwọn yòókù nílé fún eré ìdárayá lásán. Nígbà tí ọdún pé, ìdá 52 nínú 100 ti gòkè nínú ìrìn wọn, ìyàtọ̀ pàtàkì kò sì sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ilẹ̀ láti ra ẹ̀rọ, ẹ wo àga yín. Dídìde kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Tí ìwọ̀n mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí kò yí padà, ẹ gbé ìwé náà lọ bá fisió, kó yí iṣẹ́ padà. Tó bá jẹ́ pé ó já wálẹ̀ lójijì, tí ẹni tó rin mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá 20 lánàá ò lè dìde lónìí, tàbí ojú tàbí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ kọ aago tó jẹ́ sílẹ̀, ẹ wá ọkọ̀, ilé ìwòsàn ni. Bákan náà ni tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń dùn.

Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan, ẹ kọ ibi tí wọ́n fẹ́ dé, ní ẹnu ara wọn. Alhaja kan sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ kí Jímọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan dì òun mú. A fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà: mítà 140, títì kan, àtẹ̀gùn mẹ́ta. Nǹkan mẹ́ta yẹn la fi ń ṣe gbogbo ìwọ̀n wọn láti ìgbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mítà 140 àti títì ti di tiwọn. Àtẹ̀gùn kẹta ló kù.